Wọ́n ní kí n san ìdajì owó ìdáwó nítorí pé olùkọ́ ni mí

Ìyá Ìbejì Ọbáńtókò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ẹbí wa ṣèpàdé ní agbo ilé wa ní Ìtòkò, ní Abẹ́òkúta, lórí ìsìnkú ìyá wa àgbà, a sì fẹnu kò pé kí gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ dá 40,000 náírà. Nígbà tí akápò máa fi ka orúkọ, ó ti pín wa sí ọ̀nà méjì nínú ìwé rẹ̀. Àwọn tí yóò san odindi ló kọ́kọ́ kà: àbúrò mi tó ń ta páàtì ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní báńkì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣe POS ní Pánṣẹ́kẹ́. Ó wá ka àwọn tí yóò san ìdajì: opó méjì, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀, àti èmi. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Àǹtí, tíṣà ni yín, a ò fẹ́ dà yín láàmú." Kò sí ẹni tó jiyàn. Ìyá kan tilẹ̀ gbàdúrà fún un nítorí ojú àánú tó fi wò mí.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ ni mo ti gba NCE, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, mo sì tún padà lọ kàwé gboyè lẹ́yìn tí mo bí àwọn ìbejì. Akápò tí mo ń sọ yìí, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú tó fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. N kò bínú sí i, nítorí ire ló gbèrò. Àánú tí wọ́n ṣe mí kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé n kò lè kọ àánú náà. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù ni, owó tó kù ní báńkì mi kò sì tó 25,000. Mo dúpẹ́, mo jókòó.

Ìbéèrè mi ni pé, ìgbà wo ni iṣẹ́ olùkọ́ di ohun tí wọ́n ń kà mọ́ opó àti ọmọ iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni nínú wa, títí kan èmi alára, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀?

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ojú abẹ níkòó. Èmi tí ẹ ń wò yìí, n kò mọ ọjọ́ tí owó yóò wọlé. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ní Ìtòkú, a ó kàn kó aṣọ sínú ni, ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Àwọn tó ń tẹ àwòrán àdìrẹ ní Ṣáínà tún wá ń ta tiwọn ní owó pọ́ọ́kú, bí ẹni pé ohun tó ń ṣe wá kò tíì tó. Ẹ̀yin mọ ọjọ́ owó yín. Bí ara yín kò bá yá, owó ń bọ̀. Bí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi, owó ń bọ̀. Bí ẹ bá fẹ̀yìn tì, wọ́n ní owó kan tún wà. N kò sọ pé owó náà tó. Mo kàn ń sọ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ní ọjà yóò fi ọwọ́ méjèèjì gba irú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ọbáńtókò

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbà pé owó oṣù ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ń gbà jáde.

Ilé-ìwé tí wọ́n gbé mi lọ wà ní abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá. Láti Ọbáńtókò, mo ń wọ ọkọ̀ dé ìyànà, mo sì ń gun ọ̀kadà wọnú abúlé. Àlọ jẹ́ 900 náírà, àbọ̀ jẹ́ 900. Ọjọ́ mọ́kànlélógún la fi ṣiṣẹ́ ní oṣù tó kọjá, ìyẹn 37,800. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ tí wọ́n kéde ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní oṣù Kẹwàá 2024 jẹ́ 77,000 náírà. Owó tèmi ju ìyẹn lọ nítorí ipele tí mo wà, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ilé-ìwé wa kò fi ohun púpọ̀ jù ú lọ, ọ̀nà kan náà la sì jọ ń rìn.

Bí mo bá débẹ̀, kíláàsì méjì ló ń dúró dè mí nínú yàrá kan, pírámárì kẹta àti ìkẹrin, ọmọ 61 lápapọ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé ọmọ 35 ni kí olùkọ́ kan mójú tó ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní àárín pátákó. Apá òsì jẹ́ ti pírámárì kẹta, apá ọ̀tún jẹ́ ti ìkẹrin. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ti òsì ní ìṣirò, àwọn ti ọ̀tún yóò máa da ohun tó wà níwájú wọn kọ, ṣùgbọ́n etí wọn wà lọ́dọ̀ mi, nítorí ohun tí mo ń fi ẹnu sọ ló ń dùn mọ́ wọn. Ọmọ kan wà ní pírámárì kẹta tó ti mọ gbogbo ìṣirò ti ìkẹrin báyìí nípa yíyọjú wo ìhà kejì. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹni méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọn kò mọ ti ìhà kankan. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń fa ìlà náà, bí táàmù bá ti dé ìdajì, èmi ni mo ń rà á.

Lẹ́tà ìgbéga mi ti dé láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Owó tó yẹ kó tẹ̀ lé e ṣì wà lọ́nà.

Bàbá Olùkọ́ Ìbarà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, ojú mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Mo wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé-ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1955. Ní àdúgbò wa nígbà náà, tíṣà ni wọ́n ń gbé lẹ́tà tọ̀ wá kó kà, òun ni akọ̀wé gbogbo ìpàdé, bí ọmọ bá sì ṣe àìgbọràn nílé, ìyá rẹ̀ yóò ní, "N ó sọ fún tíṣà rẹ." Nígbà tí èmi náà di tíṣà, owó oṣù wa kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Ṣápọ́n tí mo ti ń ra aṣọ, bàtà àti wàrà ọmọ láwìn, tí onítọ̀hún kì í tilẹ̀ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ó mọ̀ pé tíṣà ni mí, ó mọ ọjọ́ tí owó yóò dé, owó náà sì ń dé lọ́jọ́ náà. Ẹ bi olùkọ́ òde òní bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń ta ọjà fún un bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìdáhùn mi sí Ìyá Ìbejì ni pé ọjọ́ tí a kò mọ ọjọ́ owó tíṣà mọ́ ni ọlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kíkéré owó nìkan kọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún wa, tí mo mọ̀ pé wọ́n ṣì ń sọ títí dòní: "Èrè olùkọ́ wà lọ́run." Ìjọ ló ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé láyé àtijọ́, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ọjọ́ Ajé ló ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ọjọ́ Àìkú, kò sì ṣòro láti da iṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀ mọ́ iṣẹ́ oṣù. Ó dá mi lójú pé ẹnu ẹni tó ń sanwó ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń gbà á. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan tí àwa ará Abẹ́òkúta kì í sábà sọ. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, sílẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 1931, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ìjẹ̀bú-Òde ló ti ń ṣe ọ̀gá ilé-ìwé nígbà náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wá gba Abẹ́òkúta Grammar School, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1954. Àlùfáà ni. Ó mọ ọ̀nà ọ̀run ju gbogbo wa lọ, síbẹ̀ kò sọ fún olùkọ́ kankan pé kó lọ dúró de owó rẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ mi aláàdìrẹ, ní ti owó ìfẹ̀yìntì tí o mẹ́nu bà, mo gba tèmi. Àwọn kan tí a jọ wọ iṣẹ́ kò gba gírátúìtì wọn títí tí wọ́n fi kú. Mo lọ síbi ìsìnkú méjì nínú wọn. Ní ọ̀kan, ẹgbẹ́ wa ló ra pósí.

Ọmọ Lísàbí

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ní tèmi o, ìsúná ni gbogbo rẹ̀. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ti ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ya ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, ìjọba wa kò sì ṣe é rí. Bí wọ́n bá fi ìdá 26 sílẹ̀, owó olùkọ́ yóò tó. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Akọ̀wé Ìṣirò

Ọmọ Lísàbí, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ìdá 26 tí gbogbo wa ń pariwo yẹn kò sí nínú ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí pẹ̀lú UNESCO ní Incheon, ní orílẹ̀-èdè Kòríà, ní 2015, ni ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó ìjọba, tàbí ìdá 4 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún. Ìsúná ìjọba àpapọ̀ tiwa kò dé ìdá 10 fún ẹ̀kọ́ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, nítorí náà ẹ kò nílò 26 kí ẹ tó dá wọn lẹ́bi.

Mo ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí owó olùkọ́ ń gbà, nítorí pé bí a bá da gbogbo ìsúná ẹ̀kọ́ sí ilẹ̀ lónìí, ó ṣeé ṣe kí kọ́bọ̀ kan má kan Ìyá Ìbejì. Olùkọ́ girama, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń san owó rẹ̀. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú ìpín tí ìjọba ìbílẹ̀ ń rí gbà láti Àbújá ni wọ́n ti ń yọ tirẹ̀ kí ìyókù tó dé ọwọ́ alága, SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló sì ń bójú tó o. Owó kẹta tún wà, èyí tí òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 dá sílẹ̀: ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀, tí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi iye kan náà pàdé kó tó rí i gbà. Ilé kíkọ́, ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni owó náà wà fún; kì í ṣe owó oṣù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí kíláàsì tuntun tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn, tí olùkọ́ inú rẹ̀ sì yá owó ọkọ̀ wá síbi iṣẹ́.

Ohun tó ń ba àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́rù báyìí ni ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, tó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Ohun tó dára ni fún ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà olùkọ́ kò gbàgbé 1991, nígbà tí ìjọba ológun kó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Owó oṣù dá dúró níbi púpọ̀, ìyanṣẹ́lódì sì pọ̀ débi pé ní 1993 wọ́n tún dá àjọ àpapọ̀ tó ń bójú tó o padà. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí alága bá ní láti yàn láàárín afárá tí àwọn olùdìbò yóò rí àti owó oṣù tíṣà tí ẹnìkan kò rí, èmi mọ èyí tí yóò yàn.

Olùkọ́ Aládàáni

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀, n kò sì mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Ilé-ìwé aládàáni kan ní ìgboro yìí ni mo ti ń kọ́ni; n kò ní dárúkọ rẹ̀. 38,000 náírà ni wọ́n ń san fún mi lóṣù, ìdajì ni wọ́n sì ń san ní ìsinmi gígùn. Òbí tó bá mú ọmọ rẹ̀ kúrò, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi léèrè. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 ní orílẹ̀-èdè yìí ní oṣù Keje 2024, mo lọ bá ọ̀gá wa. Wọ́n fi òfin hàn mí lójú fóònù wọn: òfin 2019 yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni wá, bí a bá ka aṣọ́de.

Ìyá Ìbejì, owó tí kò tó yín yẹn ni èmi ń gbààwẹ̀ sí. Bí wọ́n bá pè mí sí abúlé tó wà lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá lọ́la, n ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé nítorí pé tiyín kéré ni tèmi ṣe rí báyìí. Ìgbàkigbà tí mo bá bẹ̀ fún àfikún, ohun tí ọ̀gá wa máa ń sọ ni pé, "Ṣé ìjọba gan-an ń san nǹkan gidi?"

Òbí Ọmọ Mẹ́ta

Mo bọ̀wọ̀ fún olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òbí náà sọ tirẹ̀. Ọmọ mi kejì wà ní ilé-ìwé ìjọba. Olùkọ́ rẹ̀ ń ta ṣinṣín àti súwítì nínú kíláàsì, ọmọ tí kò bá rà kì í rí ojú rere. Ó ní ọjọ́ tí wọn kì í rí i títí di aago mẹ́wàá. Ṣé owó kékeré ló ń sọ ènìyàn di apẹ́lẹ́yìn? Èyí tó tún ń yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn olùkọ́ ìjọba kì í fi ọmọ tiwọn sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni. Bí alásè kò bá jẹ nínú ọbẹ̀ tó sè, kí ni ó fẹ́ kí àlejò ṣe?

Ìyá Ìbejì Ọbáńtókò

Ẹni tó ń fi ojú burúkú wo ọmọ ọlọ́mọ nítorí ṣinṣín ṣe ohun tí kò dára, n kò ní bá a wá àwáwí. Bí ẹ bá lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé náà, ẹ kò ṣẹ̀. Èmi náà ń ta nǹkan: àdìrẹ ni mo ń kó, mo sì ń tà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní sísan díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe fún ọmọ. N kò mọ olùkọ́ kan ní ilé-ìwé wa tí owó oṣù nìkan ń gbé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti máa ń yọ tirẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ wa, nítorí ẹ̀yáwó la fi ń san owó ilé-ìwé, ẹ̀yáwó la fi ń san owó ilé, ẹ̀yáwó la sì tún fi ń san ẹ̀yáwó.

Ìbéèrè yín kejì ló gún mi. Ilé-ìwé aládàáni ni àwọn ìbejì mi wà títí tí wọ́n fi parí pírámárì. Mo mọ ohun tí ìlà àárín pátákó ń ṣe fún ọmọ, n kò sì fẹ́ kí tèmi jókòó sí ìhà kankan nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gba owó níbi tí n kò fẹ́ kí ọmọ mi wà, tí mo sì ń kó o lọ fún ibi tí wọ́n ti ń san 38,000 fún olùkọ́ bíi ti ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú yín. N kò tíì rò ó báyìí rí àfi ìgbà tí mo kà á lónìí.

Ará Òkè-Òkun

Mo kọ́ físíìsì ní girama ní Abẹ́òkúta fún ọdún mẹ́fà kí n tó kúrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà ṣe ṣí. Ní oṣù Kejì 2023, England gbà kí olùkọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè láti Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan lè béèrè fún ìwé-àṣẹ olùkọ́ tiwọn láìjẹ́ pé ó tún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Láti oṣù Kẹsán-án ọdún náà, owó ìbẹ̀rẹ̀ olùkọ́ tuntun ní ẹ̀yìn òde London di 30,000 pọ́n-ùn lọ́dún. Mo ka àwọn ìlà méjèèjì yẹn ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná ní Àdìgbẹ́. Ní òwúrọ̀, mo lọ wá ìwé-ẹ̀rí mi.

Ẹ má rò pé wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún olùkọ́ níbí o. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti sọ̀rọ̀ sí mi bí ẹni pé a jọ ń ta ata ni, àwọn olùkọ́ England gan-an sì da iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan ní 2023 nítorí owó. Bàbá Ìbarà ló sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: ohun tó yàtọ̀ ni pé mo mọ ọjọ́ owó mi, báńkì náà sì mọ̀ ọ́n, wọ́n yá mi lówó ọkọ̀ láìbéèrè onídùúró. Ohun kan ṣoṣo tó ń dà mí láàmú ni pé kò sí ẹni tó gba ipò mi. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni wọ́n ní kó máa kọ́ físíìsì níbi tí mo ti kúrò. Ó máa ń pè mí lórí WhatsApp kó tó wọ kíláàsì, láti béèrè ohun tí òun yóò kọ́ wọn lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Lísàbí

Mo gba àtúnṣe Akọ̀wé Ìṣirò. Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù: ṣé òfin 2022 tó sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65, tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, kò ran yín lọ́wọ́ ni?

Bàbá Olùkọ́ Ìbarà

Ó ran àwọn kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ kò bá yó ènìyàn, tí wọ́n wá ní kó jókòó pẹ́ sí i nídìí àwo, oúnjẹ kọ́ ni wọ́n fi kún un. Ohun tó jọ owó gidi nínú gbogbo ìjà wa ni ti 2008, nígbà tí NUT da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè tí a sì bá a dé orí àfikún ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí pàápàá, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló san án bó ṣe wù ú.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Mo ní kí n padà wá. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá lórí ṣọ́ọ̀bù Ṣápọ́n, mo ṣí ìwé gbèsè tèmi wò. Ẹni mọ́kànlá ló ra aṣọ láwìn lọ́wọ́ mi láti ìgbà ọdún Iléyá. Tíṣà ni mẹ́rin nínú wọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti san tán, díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí álẹ́ẹ̀tì bá wọlé gan-an ni wọ́n ń pè mí. Àwọn tó ṣì jẹ mí, kọngilá kan wà nínú wọn tó gbé ọkọ̀ ńlá wá ra àdìrẹ ẹgbẹ́jọdá.

Ohun kejì ni ti ìrẹsì. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ jẹ́ 30,000 ní 2019, ènìyàn á fi ra àpò kan, ṣéńjì á sì kù. Nígbà tó máa fi di 70,000, àpò kan ti ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Kútọ̀. Mo ti ń ta ọjà láti bí ọgbọ̀n ọdún, n kò sì rò ó rí pé wọ́n lè fi kún owó ènìyàn kó tún dín kù. Ìyá Ìbejì, mo tọrọ gáfárà fún ohun tí mo kọ́kọ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì fẹ́ irú álẹ́ẹ̀tì yín.

Ìyá Ìbejì Ọbáńtókò

Kò sí ohun tí ẹ ṣe fún mi, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ jábọ̀ fún yín.

Lẹ́yìn tí owó wọlé, mo fi 20,000 tó kù ránṣẹ́ sí akápò, mo ní kó gbé orúkọ mi lọ sí òkè ìwé. Ó pè mí, ó dúpẹ́, ó ní kò yẹ kí n ṣe é. Ó wá ní ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu òun. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama, ìṣirò sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣé mo lè máa yà kọ́ ọ ní lẹ́sìnnì ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, èmi ṣáà ni tíṣà ilé. Mo ní inú mi yóò dùn sí i. Mo bi í léèrè iye tó ń san fún mẹ́káníìkì rẹ̀ fún wákàtí kan, mo sì ní ìdajì rẹ̀ ni kó san fún mi, nítorí pé ẹbí ni wá, n kò fẹ́ dà á láàmú.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ń gba owó?" Ó ní òun yóò bá ìyàwó òun sọ ọ́, òun yóò sì pè mí padà. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. N kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti wá lánàá pẹ̀lú ìwé ìṣirò rẹ̀ lọ́wọ́, mo sì ti bá a ṣe ojú ìwé mẹ́rin.